Kóró Méjì Nínú Yàrá Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtàn yìí máa pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀rín gbàgbé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń sọ. Obìnrin tó dá a ló ní kí a gbé e síta. Ó ní kí a má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí a má bá òun yọ ẹ̀gún kankan kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Aránṣọ ni. Aránmáhàn ni àdúgbò ń pè é, nítorí bí ìṣó bá fa aṣọ rẹ ya, tí o bá gbé e fún un, ìwọ alára lo máa fi ìka wá ojú ibi tó ti ya títí, o kò ní rí i. Ọkọ rẹ̀ ni Káfíńtà. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì mọ́, àpò wọn náà sì mọ́.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Aránmáhàn ti ń ránṣọ. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ọbẹ̀ dà sára aṣọ funfun ìyàwó ojú ọ̀nà kan ni Káfíńtà búra pé òun máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ìyàwó òun níwájú ilé. Ó la pákó, ó kan ilẹ̀kùn, ó kan fèrèsé, ó kó gbogbo rẹ̀ ti ògiri yàrá.

Ohun méjì ló kù. Èkínní ni igi panṣẹ́kẹ́ kan tó dúró gan-an síbi tí ṣọ́ọ̀bù máa wà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé. Èkejì ni páànù tí wọ́n máa fi bo orí ilé náà, tí wọn kò ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìdíje dé.

Ilé ìwádìí kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà máa ṣa èso panṣẹ́kẹ́, èyí tó gùn bí àkọ̀ idà, tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ó bá gbẹ. Nínú èso náà, kóró kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Igi tí oyin kì í bẹ̀ wò nígbà òdòdó, ọ̀pọ̀ yàrá rẹ̀ máa ń ṣófo. Àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún igi láti òpópónà dé òpópónà, wọn kò sì pọ̀ tó láti rìn ín tán. Ojú ará àdúgbò ni wọ́n fẹ́ yá lò.

Òfin wọn kò le. Sọ igi tí o ti ṣa èso náà lábẹ́ rẹ̀, má sì ṣí i. Àwọn ni wọ́n máa wo inú rẹ̀. Ẹni tí èso rẹ̀ bá ní kóró jù lọ, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ máa fún un ní páànù tó tó bo ilé kékeré kan.

Aránmáhàn kò gbọ́ oyin, kò gbọ́ òdòdó. Páànù ló gbọ́.

Onídìrí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn bi í léèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ fi igi tí wọ́n fẹ́ gé gba ẹ̀bùn. Ó ní, "Ojú ò tiẹ̀ tì yín."

Aránmáhàn dá a lóhùn pé, "Kó tó kú, kó ṣe mí lóore kan."

Ẹnì kan wà ládùúgbò náà tó mú iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Ó ń ti ọ̀pá kiri láti igi dé igi, ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣa èso, ó ń dì wọ́n ní ìdì ìdì kí ti igi kan má bàa wọnú ti òmíràn. Òun ló sọ fún Aránmáhàn pé kó má retí púpọ̀. Ó ní èso igi rẹ̀ kò wúwo lọ́wọ́.

Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Nígbà tí Aránmáhàn rí ọ̀kan tó ti lanu fúnra rẹ̀, tó wo inú rẹ̀, ó dà bí ilé tí àwọn ayálégbé ti sá kúrò. Yàrá kan ní kóró, èkejì ṣófo, ẹ̀kẹta ṣófo.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èso yẹn lọ́wọ́ òsì, ẹ̀kúnwọ́ kóró tó wá láti inú àwọn èso fífọ́ sì wà lórí itan rẹ̀. Ó mú kóró kan, ó fi sínú yàrá tó ṣófo. Ó bá a mu régí. Ó ní òun kàn fi wò ó ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀ṣẹ̀ kì í já ilẹ̀kùn wọlé bí olè. Bí àlejò ló ń wọlé, á kí yín dáadáa, á sì béèrè ibi tí òun máa jókòó sí.

Ó kún yàrá kejì, ó kún ẹ̀kẹta. Nígbà tí gbogbo yàrá kún tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ẹlòmíràn náà lè ní èso tó kún. Bí ó bá wá jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo wọn ní, ta ni wọ́n máa gbé páànù fún? Ló bá fi kóró kejì ti èyí àkọ́kọ́ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n há, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé.

Pípa á dé ló wá di ìjà. Èso panṣẹ́kẹ́ tó ti lanu kì í fẹ́ panu dé mọ́. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Obìnrin kan tó wá gba búláòsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni èso náà bá là pẹ̀ẹ́, kóró sì fọ́n lu obìnrin náà lójú bí òkúta. Aránmáhàn ní bọ́tìnnì ni.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti tàn án. Ó rò ó pé, ohun tí gọ́ọ̀mù kò lè dì, òwú lè dì í. Ó mú dírìlì ọkọ rẹ̀ tó kéré jù, ó lu ihò tín-ín-rín sí etí èso náà yíká. Ó fi àbẹ́là pa òwú aláwọ̀ igi kó lè yọ̀. Ó rán an láti inú, ojú abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń rán aṣọ ọba. Lẹ́yìn náà ó po lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ọkọ rẹ̀ ń tú sílẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ihò, bí Káfíńtà ṣe máa ń dí orí ìṣó lára àga. Ó fi aṣọ nù ún títí tó fi jọ̀lọ̀.

Ní ṣóńṣó ẹnu èso náà, ó ta kókó kékeré tó máa ń ta sí òpin gbogbo ìránṣọ rẹ̀, ó ká a sábẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ta kókó. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí.

Káfíńtà bi í pé kí ni dírìlì òun ń ṣe lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe bọ́tìnnì onígi fún oníbàárà kan ni. Káfíńtà ní òun kò rí bọ́tìnnì onígi rí. Ó ní, "Òun ló wà lóde báyìí, baálé mi." Ọkọ rẹ̀ gbà á gbọ́, nítorí kò rí ìdí tí kò fi yẹ kó gbà á gbọ́. Ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn.

Ó fi èso náà ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tutù. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ dúró níwájú ilé, obìnrin kan tó wọ awò ojú sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Òun ni olórí àwọn onímọ̀ náà, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Ó di ọwọ́ Aránmáhàn mú, kò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó ní èso náà wúwo jù fún bí ó ṣe rí, ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi ṣí i. Àwọn gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun ènìyàn, àwọn rí inú rẹ̀ kedere.

"Ìbejì ló wà nínú gbogbo yàrá," ni Dókítà sọ. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo igi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dé ìdí ẹ̀."

Kí Aránmáhàn tó lanu, Káfíńtà ti wà níwájú, ó nawọ́ sí igi. Ó ní, "Igi wa nìyí."

Dókítà dì mọ́ igi náà bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi okùn pupa àti funfun yí i ká. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da omi ọṣẹ sí i, gígé kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ títí yóò fi so lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i.

Káfíńtà, ẹni tó ti pọ́n ayùn sílẹ̀, béèrè pé, "Gígé kẹ̀? Ta ló fẹ́ gé e?"

Aránmáhàn wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Páànù ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù máa jókòó sí ti lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló le jù. Káfíńtà sọ ara rẹ̀ di agbẹnusọ igi. Ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ láàárọ̀. Ó ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹni tí ń fi igi jẹun bí òun kò lè ṣi igi mọ̀, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé kì í ṣe igi lásán. Á fi ìka kan ara igi náà kọ́kọ́kọ́, á tẹ́tí, á mi orí. Àwọn àlejò náà á mi orí. Aboyún kan kò jẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Ó ní ọmọ mẹ́rin tó wà nílé ti tó.

Nígbà tí àlejò pọ̀, Káfíńtà ní kò yẹ kí wọ́n máa dúró. Ó tú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó fi kan bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì kan kò tó, ó kó pákó ògiri. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló fi ṣe pátákó tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí. Lójoojúmọ́ ni Aránmáhàn ń jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe ń jáde lọ, pákó kan lẹ́yìn èkejì, tí àwọn ènìyàn sì ń jókòó lé e lórí.

Ó gbìyànjú. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá igi náà kò ní wó lu ilé lọ́jọ́ kan. Káfíńtà wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n pa ọmọ. Aránmáhàn tọ Dókítà lọ, ó ní bóyá ẹ̀rọ yẹn ṣe àṣìṣe, bóyá kí wọ́n kúkú gbàgbé rẹ̀. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó ní irú ìrẹ̀lẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ó lè jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn yàrá Dókítà wà ní títì, àwọn méjì péré ni. Kò jẹ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú tì í níwájú ẹnì kan, ó ń kó ojútì pamọ́ de ogunlọ́gọ̀ ni.

Ọjọ́ ẹ̀bùn pé. Wọ́n to àga sábẹ́ igi. Páànù wà nílẹ̀, wọ́n fi rìbọ́ǹnì dì í. Lórí tábìlì kékeré kan, èso náà dùbúlẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì. Dókítà sọ fún gbogbo ènìyàn pé àwọn kò ní ṣí i láéláé, pé ilé ìwádìí ni yóò máa gbé. Aránmáhàn gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Tíṣà, ẹni tó ṣe ipò kejì, wà nínú ìlà iwájú, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn.

Wọ́n pe Káfíńtà kó wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kan ara igi kọ́kọ́kọ́, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó yí sí tábìlì. Kò tíì rí èso náà nítòsí rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbójú sún mọ́ gíláàsì.

Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dí orí ìṣó mọ lẹ́búlẹ́bú ayùn tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù. Ó fi ojú tẹ̀ lé ojú ihò tí wọ́n dí náà lọ títí dé ṣóńṣó, ó sì rí kókó kékeré kan tí wọ́n ká sábẹ́. Ó wo kókó náà. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ìṣẹ́tí ṣòkòtò ara rẹ̀. Ó tún wo kókó náà. Lẹ́yìn èyí ló wá wo ìyàwó rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló rí, ó sì tún rí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Aránmáhàn ń fi ojú bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó sáà sọ nǹkan kan, kó dúpẹ́, kó jókòó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, páànù á wọlé.

Káfíńtà gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní, "Igi ni èmi mọ̀. Ohun tó wà níbí yìí, ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́ fún yín."

Ó na ẹ̀rọ náà sí i, ó sì jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ǹṣì.

Aránmáhàn dìde. Ó ti múra pé òun á dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò wojú rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kò sí ìbejì kankan. Èmi ni mo kó wọn síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo fi pa á dé."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ni Aránmáhàn bá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí àpótí náà. Ó fa àlùmọ́gàjí yọ lápò, ó gé kókó yẹn, ó fa òwú kan. Èso náà là pẹ̀ẹ́. Kóró fọ́n sórí tábìlì, sórí páànù, wọ́n ń dún tìn-ìn tìn-ìn lọ sílẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò ní tán.

Onídìrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aránmáhàn, ó hàn lónìí." Gbogbo àwùjọ bú sẹ́rìn-ín.

Yàtọ̀ sí tọkọtaya náà, ẹni méjì ni kò rẹ́rìn-ín. Dókítà fi ọwọ́ gbá kóró jọ lórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Ó ní ohun kan wà tí òun gbọ́dọ̀ ṣe, tí kò dùn mọ́ òun. Gbogbo èso tó wá láti àdúgbò yìí ni òun máa yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà, nítorí òun kò mọ èyí tí ọwọ́ ti kàn àti èyí tí ọwọ́ kò kàn mọ́.

Tíṣà ni ẹnì kejì. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o ṣe borí mi ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ tèmi náà ti bá irọ́ tìẹ lọ." Ó yí padà, ó rọra ń lọ sílé. Ẹ̀rín sì tán.

Wọ́n gbé páànù padà sínú ọkọ̀. Ó ń hó gbàgàgbàgà lọ, títí tó fi yà ní ìkóríta ni Aránmáhàn fi ń gbọ́ ọ.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ níbí ni pé irọ́ kì í jẹ ti ẹnì kan. Ẹni tó bá bu májèlé sínú kànga kò lè ní inú ike tòun nìkan ni òun bù ú sí.

Wọ́n tú okùn kúrò lára igi. Aránmáhàn rò pé ọkọ òun máa fi ìbínú gé e lọ́jọ́ kejì. Kò fọwọ́ kàn án. Kò sì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, tí apá wọn ń kan ara wọn, á sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ sọ fún ìyá yín kó sún omi sí mi." Ìyá wọn á ní kí wọ́n sọ fún bàbá wọn pé omi náà nìyí. Ó ṣe títí, ó sú àwọn ọmọ. Àgbà inú wọn ní, "Bàbá wa, wọ́n ti gbọ́."

Ọjọ́ tí Káfíńtà máa sọ̀rọ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri kí ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná lè kọjá.

"Nígbà tí mò ń kan igi yẹn fún àwọn àlejò, tí mò ń sọ pé mo ti ń gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ̀ tipẹ́, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, baálé mi."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ rí. Bí igi ló ń dún." Ó fọwọ́ pa ojú. "Èmi náà purọ́. Kò sì sí ẹni tó ṣèlérí páànù fún mi."

Aránmáhàn kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dá a dúró kíá. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kò ní dìde títí àwọn á fi mú òótọ́ padà síbi tí àwọn ti mú un. Ó ní bí òun bá gé igi yẹn báyìí, ẹ̀rí làwọn ń gé.

Ni Aránmáhàn bá lọ bẹ Tíṣà, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tíṣà kò ní kó dìde kíákíá. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ dáadáa kó tó sọ fún un pé, bí àsìkò èso bá tún dé, òun nílò ẹni tó máa bá òun bẹ̀rẹ̀ ṣa á.

Nígbà tí àsìkò dé, ó bá a bẹ̀rẹ̀. Láti igi dé igi ló ń tẹ̀ lé ọ̀pá Tíṣà. Èyí tó lanu, ó jù ú nù. Èyí tó fúyẹ́, ó mú un bí ó ṣe fúyẹ́. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń bi í bóyá ó mú abẹ́rẹ́ dání. Ó ní kí wọ́n wo inú àpò òun, wọ́n sì wò ó. Èso àdúgbò náà dé ọ̀dọ̀ Dókítà, Dókítà gbà wọ́n. Wọn kò gba ipò kankan. Igi ti Aránmáhàn, ẹ̀yìn pátápátá ló wà.

Ní ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, Káfíńtà gbé ayùn jáde. Ó ti tú bẹ́ǹṣì gbogbo padà sí pákó. Ó ní wọ́n á fi koríko bo orí ṣọ́ọ̀bù náà títí Ọlọ́run á fi fún wọn ní páànù. Ó dúró nídìí igi, ó wọn ibi tí ayùn máa gbà.

Aránmáhàn jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú lọ́rùn. Ó gbójú sókè, ó fi ìka tọ́ka.

"Baálé mi, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà lókè yẹn. Kò tíì gbó."

Káfíńtà wò ó. Èso tútù kan ló ń fì lẹ́bàá ewé, tínrín bí ìka ọmọ tuntun.

"Kóró mélòó lo rò pé ó máa ní?"

"Bóyá mẹ́ta. Bóyá kò ní ní rárá. A ò tíì mọ̀."

Ẹ̀rín tí ọkọ rẹ̀ ti há mọ́ inú látọjọ́ yìí wá já jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ayùn fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e ti ara igi. Ó jókòó sórí pákó, ó sì sún díẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè ráyè.